Àádọ́rin Bàtà

Bí Bíríkìlà bá fẹ́ fọ́nnu, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wò. Kì í ṣe pé ẹsẹ̀ náà rẹwà o. Ẹsẹ̀ tó ti ń gun àkàbà láti ogún ọdún, tó ti tẹ sìmẹ́ńtì tútù, tó ti tẹ ìṣó, ẹwà wo ni yóò tún kù síbẹ̀? Ṣùgbọ́n ó gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ẹsẹ̀ yìí mọ ìwọ̀n ju ohunkóhun tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù lọ. Ìgbà kan wà níbi iṣẹ́ tó fi búùtù rẹ̀ wọn ìpìlẹ̀ ilé oníyàrá mẹ́fà, tó ń fi gìgísẹ̀ kan ọmọ ìka, tó ń fi gìgísẹ̀ kan ọmọ ìka, títí ó fi yí i po. Ẹnjiníà wá fa téèpù sí i, kò yàtọ̀ ju ìbú èékánná lọ. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá fi téèpù lọ Bíríkìlà, onítọ̀hún ń wá ọ̀rọ̀ gígùn ni, yóò sì rí i.

Ìdí nìyẹn tí kò fi sí téèpù nínú ọ̀rọ̀ Tata. Tata ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn. Orúkọ ìnagijẹ ni, nítorí láti kékeré ni kò ti lè rí kòtò kó má fò ó, ó sì ti wá sọ ìwà yìí di eré ìdárayá gidi: fífò jìnnà. Ẹni tí kò bá mọ eré yẹn á rò pé fífò ló le níbẹ̀. Irọ́ ni. Sísáré wá ló le. Ọmọ á sáré tete, á fi ẹsẹ̀ kan tẹ pákó funfun kan tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, á wá fò sínú yanrìn. Bí orí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ bá fi díẹ̀ kọjá pákó yẹn, àsíá pupa ni wọn yóò gbé sókè, fífò náà ti di òfo, kódà kó fò dé òkè òkun. Nítorí náà, ibi téèyàn ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kò gbọdọ̀ sún mọ́ jù, kò sì gbọdọ̀ jìnnà jù.

Ti Tata, àádọ́rin bàtà ni. Bíríkìlà ló fi búùtù iṣẹ́ rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Odindi oṣù mẹ́jọ ni bàbá àti ọmọ fi ń lọ sí pápá ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ nírọ̀lẹ́, kí bàbá tó bọ́ aṣọ iṣẹ́. Á wọ̀n ọ́n, á lẹ bébà funfun mọ́lẹ̀, ọmọ á sáré, á fò. Ó pé wẹ́kú. Àádọ́rin ò yẹ̀ rí.

Ohun tó sì mú kí ọ̀rọ̀ náà gbóná ni pé ilé ẹ̀kọ́ eré ìdárayá kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé inú rẹ̀, tó ń mú ọmọbìnrin méjì péré lọ́dún fún fífò jìnnà. Àwọn méjì tó bá ṣáájú níbi ìdíje Sátidé yìí ni. Kò sì ní gba ọmọ tó bá ti pé mẹ́rìnlá, bẹ́ẹ̀ Tata máa pé mẹ́rìnlá lóṣù tó ń bọ̀. Ó di dandan lọ́jọ́ náà. Kò sí ti ọdún tó ń bọ̀.

Bíríkìlà kò mikàn. Ní ìdájí Sátidé, orin ló ń kọ bó ṣe ń yẹ ojú táyà wò. Ìyá Tata ló bá a lẹ́nu ọ̀nà, tó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ pé obìnrin yìí, bàtà ló ń tún ṣe jẹun. Yàrá iwájú ilé wọn ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, abẹ́rẹ́, gọ́ọ̀mù, òòlù kékeré, bàtà onírúurú èèyàn lórí pẹpẹ. Kì í wo ojú èèyàn kó tó wo ohun tó wọ̀ sẹ́sẹ̀.

"Bàbá Tata, ẹ ò ní wọ búùtù yẹn tẹ̀ lé wa lọ."

"Kí ló ṣe é?"

"Ó ń rùn. Sìmẹ́ńtì ọdún mẹ́ta ló wà lára ẹ̀. Ẹ wọ dúdú tẹ́ ẹ fi ṣègbéyàwó. Mo ti pààrọ̀ àtẹ́lẹ̀ ẹ̀, mo sì ti kùn ún, ẹ lè fi wo ojú yín."

"Èmi ò lọ wo ojú mi níbẹ̀. Ọmọ mi ni mo fẹ́ lọ wò."

Ìyá Àgbà, ìyá Bíríkìlà, ti jókòó sí iwájú ọkọ̀ látìgbà tí òkùnkùn ò tíì ká tán, ó gbé báàgì rẹ̀ lé orúnkún. Ó yọ orí síta. "Wọ bàtà tí ìyàwó ẹ ní kí o wọ̀, ká máa lọ. Ẹsẹ̀ ẹ ò ní fò nínú ìdíje kankan."

Bíríkìlà bọ́ búùtù, ó wọ dúdú. Bàtà náà mú un lẹ́sẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń dán. Ó ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ pa mọ́ ìyàwó àti ọmọ, nítorí ilẹ̀kùn náà kì í ṣeé tì láti inú, wọ́n bá gbéra.

Ìrìn wákàtí mẹ́rin ni. Ojú ọ̀nà dáa, òjò winniwinni kan rọ̀, ó dá. Wọ́n jẹ búrẹ́dì àti ẹyin sísè ní ilé epo kan, Ìyá Àgbà sì fọ́n èèpo ẹyin ká gbogbo ilẹ̀ ọkọ̀. Bíríkìlà ń wakọ̀, ẹnu rẹ̀ ń lọ. Ó sọ ti ìpìlẹ̀ ilé oníyàrá mẹ́fà. Ó sọ ti ẹnjiníà. Ìyá rẹ̀ ti gbọ́ ọ tó ìgbà ogún, ṣùgbọ́n ó ń dáhùn "ẹ̀n-ẹ́n" níbi tó yẹ.

"Tata," Bíríkìlà wí, ó ń wò ó nínú dígí. "Má ronú nǹkan kan lónìí. Ìwọ sáré, kí o fò. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n, tèmi ni."

"Ẹ ṣé, Bàbá," Tata wí.

Nígbà tí wọ́n wọ ìlú tí wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n bá ráńdábáòtù ńlá kan pàdé. Bíríkìlà yí i po lẹ́ẹ̀kan. Ó yí i po lẹ́ẹ̀kejì. Tata ti rí pátákó tó júwe pápá ìṣeré látìgbà àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀. Ó rọra fi ìgúnpá kan ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ rí i, òun náà kò sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi tún fẹ́ kọjá níbẹ̀.

"Bàbá Tata, igi yẹn mà dáa o, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó yẹn."

Bíríkìlà wo igi, ó rí pátákó. Ó yà. "Mo ti mọ̀. Mo kàn fẹ́ kí Màámi rí ìlú ni."

"Mo ti rí i," ni Ìyá Àgbà wí. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo rí i."

Bó ṣe máa ń rí nínú ilé yẹn nìyẹn. Wọn kì í sọ fún Bíríkìlà pé ó ṣìnà. Wọ́n á bá a wá igi tó dáa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, òun á sì rí ọ̀nà fúnra rẹ̀. Kì í ṣe pé ó burú, tàbí pé ó máa ń nà wọ́n. Wọ́n kàn fẹ́ràn rẹ̀ bó ṣe ń yan fanda yẹn ni, wọn ò fẹ́ rí i kó wó.

Pápá ìṣeré náà kún. Ọmọbìnrin mẹ́rìndínlógún ló fẹ́ fò. Wọ́n ní kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan wọlé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré kó wá bá ọmọ rẹ̀ sàmì síbi tó ti máa bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo wọn á jáde sẹ́yìn wáyà, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ wọlé mọ́. Gbogbo olùkọ́ ló ní fèrè lọ́rùn àti téèpù gígùn tó ń ká ara rẹ̀. Bíríkìlà kò ní nǹkan kan. Ó fa ṣòkòtò rẹ̀ sókè díẹ̀, ó fi ẹ̀yìn bàtà kan pákó, ó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan. Èjì. Ẹ̀ta. Ó ń rìn bí ẹni tó ń rìn lórí okùn, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì nà sẹ́gbẹ̀ẹ́, bàtà dúdú ń kọ mànà nínú oòrùn. Ó gbọ́ tí àwọn olùkọ́ náà ń rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ sì dùn, ó ní wọn ò tíì rí irú rẹ̀ rí ni. Ìyẹn náà kò kúkú jẹ́ irọ́. Nígbà tó dé àádọ́rin, ó lẹ bébà funfun mọ́lẹ̀, ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

"Dán an wò," ló wí fún Tata.

Tata sáré wá láti ibẹ̀, kò fò, ó kàn tẹ pákó kó lè mọ bó ṣe rí ni. Ó dúró níbẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Ó wò ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé ojú sókè, ó rí bàbá rẹ̀ láàárín àwọn olùkọ́ yẹn, ó sì na àtàǹpàkò sókè sí i.

"Mi ò ha ti wí bẹ́ẹ̀?" Bíríkìlà sọ fún ẹni tó dúró tì í, olùkọ́ kan báyìí tó wọ fìlà aláwọ̀ ewé. "Àádọ́rin."

Ìgbà mẹ́ta ni ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò kọ́kọ́ fò. Àwọn mẹ́jọ tó bá dáa jù yóò tún fò lẹ́ẹ̀mẹta sí i. Àwọn yòókù á máa lọ sílé. Nígbà tó kan Tata, Bíríkìlà di wáyà mú, ó ń rẹ́rìn-ín ṣáájú. Tata sáré, irun rẹ̀ ń fò. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé pákó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé ìṣísẹ̀ rẹ̀ kúrú, bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn tí ìwọ̀n rẹ̀ ò dọ́gba. Ó fò. Obìnrin tó ń ṣe adájọ́ bẹ̀rẹ̀, ó wo pákó, ó gbé àsíá pupa.

"Ẹ̀rù ló bà á," Bíríkìlà wí. "Èkejì á dáa."

Èkejì dé. Tata tún gé ìṣísẹ̀ kúrú, èyí tiẹ̀ kúrú ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa tiro. Àsíá pupa.

 Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu Bíríkìlà. Ó ku fífò kan. Bí àsíá yẹn bá tún pupa, oṣù mẹ́jọ ti lọ, ilé ẹ̀kọ́ ti lọ, wọ́n á kàn padà sínú ọkọ̀ lọ bá èèpo ẹyin ni. Ó ń wá ohun tó lè fà á. Afẹ́fẹ́ ni àbí? Ilẹ̀ ibí ni àbí? Ìyá Àgbà ń yí òrùka ọwọ́ rẹ̀ po.

Ìyá Tata kò wo pákó, kò wo àsíá. Bó ṣe máa ń ṣe, ilẹ̀ ló ń wò. Ó gbé ojú sókè, kò sì wá igi kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà lọ́tẹ̀ yìí.

"Bàbá Tata. Bàtà wo lẹ fi wọ̀n ọ́n?"

Bíríkìlà wolẹ̀. Bàtà ìgbéyàwó ń wò ó padà, ó ń dán.

"Búùtù yín fi ìbú ìka kékeré gùn ju èyí lọ," ni ìyàwó rẹ̀ wí jẹ́ẹ́. "Ọwọ́ mi ni méjèèjì ń kọjá, mo mọ̀ ọ́n. Èmi náà ni mo ní kẹ́ ẹ má wọ búùtù, mi ò rántí."

Ẹni tó bá ń kọ́lé kò nílò bébà láti ṣírò rẹ̀. Ìbú ìka kékeré lọ́nà àádọ́rin. Ó ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ. Ó ti gbé ọmọ rẹ̀ sún mọ́ pákó ju bó ṣe yẹ lọ, ó wá ń bá afẹ́fẹ́ wíjọ́.  Ó rìn lọ síbi tí wáyà ti sún mọ́ àwọn ọmọ, ó pe Tata. Wọ́n gbà kí ọmọ wá bá olùkọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ níbẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí wáyà bá ti wà láàárín.

"Tata, mo ṣì í wọ̀n. Bàtà yìí ni, ó kúrú ju búùtù lọ. Ó yẹ kí bébà yẹn sún sẹ́yìn, ó ju—"

"Mo mọ̀, Bàbá."

"O mọ kí ni?"

"Mo mọ̀ pé ó sún mọ́ jù. Mo ti mọ̀ nígbà tí mo dán an wò." Tata ń fi ìka fa wáyà. "Mo máa ń fi ẹsẹ̀ tèmi náà wọ̀n ọ́n ní pápá wa, tẹ́ ẹ bá ti lọ mu omi. Ẹsẹ̀ tèmi, méjìdínláàádọ́rùn-ún ni. Gbogbo ìgbà."

Bíríkìlà wò ó. "Kí ló dé tí o ò sún un? O ti fò lẹ́ẹ̀mejì."

 Tata rẹ ohùn sílẹ̀.

"Wọ́n ń fi yín rẹ́rìn-ín, Bàbá. Nígbà tẹ́ ẹ̀ ń wọ̀n ọ́n. Mo wá rò ó pé tí mo bá tún un wọ̀n lójú wọn, wọ́n á tún rẹ́rìn-ín sí i. Mo ní kí n gé ìṣísẹ̀ mi ni, bóyá ó máa bá a mu."

Ẹ wò ó, ojú ti Bíríkìlà rí láyé. Ó ti kọ́ ògiri tó wọ́, wọ́n ní kó wó o, ó wó o. Ṣùgbọ́n èyí yàtọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ọmọ yìí ń fẹ́ láti oṣù mẹ́jọ, ó ti mú ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ dà nù sínú yanrìn, kí àwọn èèyàn tí kò mọ̀ rí má bàa fi bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó dùn ún débi pé ó fẹ́ jókòó sílẹ̀ níbẹ̀. Ó sì tún rí i pé òun fúnra òun ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní "ọ̀rọ̀ ìwọ̀n, tèmi ni," àbí ta ni?

"Tata, gbọ́ mi," ló wí. "Lọ wọ̀n ọ́n. Fi ẹsẹ̀ ara ẹ wọ̀n ọ́n báyìí, láti pákó, kí gbogbo wọn rí ẹ."

"Wọ́n á rẹ́rìn-ín."

"Kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ni wọ́n máa fi rẹ́rìn-ín, mo sì tó o gbé."

Tata padà síbẹ̀. Ó fi gìgísẹ̀ kan pákó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ẹsẹ̀ sí ẹsẹ̀, ọwọ́ méjèèjì nà sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí bàbá rẹ̀ gẹ́lẹ́. Àwọn kan rẹ́rìn-ín lóòótọ́. Olùkọ́ onífìlà aláwọ̀ ewé yẹn yíjú sí Bíríkìlà, ó ní ṣé kì í ṣe àádọ́rin mọ́ ni.

"Àádọ́rin tèmi ò dáa," Bíríkìlà wí, kò sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Èmi ni mo ṣì í. Ọmọ yẹn mọ̀ ọ́n jù mí lọ."

Ọkùnrin náà wò ó díẹ̀, ó mirí, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Tata dé méjìdínláàádọ́rùn-ún. Ó ṣí bébà funfun kúrò níbi tí bàbá rẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́, ó gbé e sẹ́yìn síbi tirẹ̀. Nígbà tó kàn án, ó dúró ṣinṣin, ó mí kanlẹ̀, ó gbéra. Kò gé ìṣísẹ̀ kankan lọ́tẹ̀ yìí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń balẹ̀ gbì, gbì, gbì, ó ń yára sí i ni, ó tẹ pákó funfun yẹn láàárín gbùngbùn, ó fò. Ìyá Àgbà dìde láìfọwọ́ ti nǹkan kan. Adájọ́ bẹ̀rẹ̀, ó wo pákó, ó gbé àsíá funfun. Mítà mẹ́rin àti sẹ̀ǹtímítà mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Ipò kẹrin.

Ó ku ẹ̀ẹ̀mẹta, Tata sì ti gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Kí ó tó fo ìkarùn-ún, ó fi ìbú ẹsẹ̀ kan sún bébà sẹ́yìn nítorí afẹ́fẹ́ ti ń ti í láti ẹ̀yìn. Bíríkìlà gbé ọwọ́ sókè láti sọ ohun tó rò fún un, ó rí i pé ọmọ náà kò wo ọ̀dọ̀ òun rárá. Ó rọra mú ọwọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ó dùn ún, ó sì tún dùn mọ́ ọn. Kò mọ èyí tó pọ̀ jù. Mítà márùn-ún àti sẹ̀ǹtímítà mọ́kànlá ni ìyẹn jẹ́. Ọmọ kan ṣoṣo ló ju ìyẹn lọ títí wọ́n fi parí.

Ọ̀gá obìnrin tó wá láti ilé ẹ̀kọ́ eré ìdárayá dé ọ̀dọ̀ wọn pẹ̀lú fọ́ọ̀mù lórí pátákó kékeré. Ó ki Ìyá Àgbà, ó ki Ìyá Tata, ó kọ orúkọ ọmọ, ó kọ ọjọ́ orí. Ó wá bi Bíríkìlà pé, "Ta ni kí n kọ síbí gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ẹ̀? Ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń kọ́ ọ?"

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, obìnrin yìí ì bá gbọ́ ti ìpìlẹ̀ ilé oníyàrá mẹ́fà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bíríkìlà wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Rárá, mà," ló wí. "Èmi kàn ni bàbá ẹ̀. Ó ń kọ́ ara ẹ̀ ni."

"Kò rí bẹ́ẹ̀, mà," ni Tata wí. Ó sọ ọ́ ketekete, lójú ọ̀gá yẹn, lójú olùkọ́ onífìlà, lójú gbogbo ẹni tó dúró níbẹ̀. "Wọn ò sòótọ́. Àwọn ló kọ́ mi. Ẹ kọ orúkọ wọn síbẹ̀."

Ọ̀gá náà ń wo bàbá, ó ń wo ọmọ, ó ń dúró.  Láti ọjọ́ tó ti bí i, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Tata máa já a nírọ́ lójú èèyàn.